Owó Orí Ọkọ̀ Weldon Sikes

Nígbà tí Weldon Sikes fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá àpótí lẹ́tà mi wó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró tì í, ó ní, "Verna, ìgbà wo lo gbé eléyìí síbí?"

Mo ní, "Weldon, ó ti wà níbẹ̀ kó o tó wá ra ilẹ̀ rẹ."

Kò bá mi jiyàn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú bíi pé eruku ló kó sí i, ó wọ ọkọ̀ padà, ó rọra wà á wọ àgbàlá rẹ̀ tó wà ní òdì kejì títì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé òpó tuntun wá, ó rì í mọ́lẹ̀, ó kan àpótí náà padà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́.

Dókítà ojú ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Àárín ojú rẹ̀ ló ń kú, ó ku ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Ó lè rí màlúù tó wà lápá ọ̀tún títì, ó lè rí èyí tó wà lápá òsì, ṣùgbọ́n èyí tó bá dúró sí àárín, Ọlọ́run ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó ti fi ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun ni. Ẹ̀rọ gíga tí afẹ́fẹ́ máa ń yí, tó ń fa omi jáde láti inú ilẹ̀ fún àwọn màlúù, Weldon ló ń gun orí wọn, tó ń tún wọn ṣe káàkiri gbogbo oko tó wà lápá ibi tiwa yìí ní Texas. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Tó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra, a máa ń bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Ó ku ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù Fọ́ọ̀dù funfun ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le dáadáa, ṣùgbọ́n yìnyín ti lù ú láti orí dé iwájú títí ara rẹ̀ fi dà bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà.

"Nelda ni kó máa gbé e," ni Weldon sọ fún mi. "Ọkọ̀ tirẹ̀ ti kú."

Nelda Cantú yìí, ọmọ Yolanda ni. Nelda ṣì kéré gan-an nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Lẹ́yìn náà ni Yolanda kó ọmọ rẹ̀ wá sí ìlú wa, ó gba ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé Weldon. Ayálégbé ni. Nígbà tó yá, àwa tá a wà ládùúgbò rí i pé iná ilé ẹ̀yìn kì í tàn mọ́ lálẹ́, iná ilé iwájú nìkan ló ń tàn. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe jọ gbé nìyẹn títí àrùn jẹjẹrẹ fi mú Yolanda lọ. Nelda ti dàgbà nígbà náà, ó ti ní yàrá tirẹ̀ nígboro.

Mista Weldon ni Nelda ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ayálégbé, orúkọ náà kò sì yí padà. Weldon ló kọ́ ọ níwakọ̀. Weldon ló máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ìlú ńlá, tó ń sùn sórí àga títí wọ́n á fi ṣe tán. Nígbà tí Nelda lu ọmọkùnrin kan nílé ìwé, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, Yolanda wà lẹ́nu iṣẹ́, Weldon ló lọ. Ó bi ọ̀gá ilé ìwé pé kí lọmọkùnrin náà sọ. Wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa," ó mú Nelda lọ jẹ áísìkirimù.

Iṣẹ́ Nelda ni pé ó ń tọ́jú ajá. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń gé irun àti èékánná wọn, àwọn tó ni wọ́n sì ń san owó tí àwa fi ń ṣe irun ara wa. Ó ti rí iṣẹ́ tó dáa sí i ní ìlú ńlá, ìrìn wákàtí kan sí wa, ọjọ́ Ajé ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Láìsí ọkọ̀, kò sí iṣẹ́.

Nínú ilé ìdáná mi ni wọ́n ti dúnàádúrà. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

"Gbà á," Weldon wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò ríran."

"Mi ò gba ọ̀fẹ́, Mista Weldon. Mo máa rà á."

"Ọkọ̀ tí yìnyín ti bà jẹ́? Fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là."

"Ẹgbẹ̀rún kan kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ káwọn èèyàn sọ pé mo ja afọ́jú lólè ni? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Méjì. Mi ò sì tíì fọ́jú."

"Márùn-ún. Ẹ máa nílò owó. Ta ni yóò máa gbé yín lọ ra oúnjẹ?"

"Ìwọ ni."

"Èmi náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí mo fowó mi rà ni màá ti gbé yín."

Èmi ni mo bá wọn pín in sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, nítorí ẹ̀wà mi ń jóná. Weldon bojú jẹ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Nelda mọ̀ pé ẹni tó bá ra ọkọ̀ ló máa san owó orí ọjà náà fún ìjọba, bóyá ọkọ̀ tuntun ni o, bóyá àlòkù ni o. Ó ti ṣírò rẹ̀ sórí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó sì ti ya àádọ́ta lé nígba dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Ó fẹ́ kí ìwé ọkọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ òun kó tó kó owó ọkọ̀ fún Weldon, nítorí báyìí náà ni ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe nǹkan. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀, wọ́n gba ọ́fíìsì owó orí lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, Lurleen Batts tó jókòó lẹ́yìn káńtà náà sì sọ tirẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà mo gbọ́ ọ dáadáa.

Lurleen mọ gbogbo ìlú. Ó gba ìwé lọ́wọ́ wọn, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó wá gbójú sókè.

"Nelda, o ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lo rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kọ̀ǹpútà ò gbà fún mi. Ìjọba ní iye tí òun gbà pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó. Tí iye tó o rà á bá kéré jìnnà sí i, iye ti ìjọba ni wọ́n máa fi ṣírò owó orí. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí lé ní ìlọ́po méjì iye tó o sọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta dọ́là lo máa san."

Weldon gbé ọwọ́ lé káńtà. "Ṣé ìjọba ti rí ibi tí yìnyín bà?"

"Ìjọba kì í jáde nílé, Mista Sikes," ni Lurleen fèsì. "Ẹni tó ń bá wa wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó máa kọ iye tó tó gan-an sínú ìwé, ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílùú, ó sì ti lọ pa àgbọ̀nrín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mà," Nelda wí.

Lurleen wo ẹ̀yìn wọn, ó wo iye èèyàn tó wà lórí ìlà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni Lurleen, àánú ló ṣe é. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ṣé ẹ ti gba owó lọ́wọ́ ara yín?"

"Ó tì o," Weldon dáhùn. "Kò tíì fún mi ní kọ́bọ̀, mi ò sì fẹ́."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé bàbá ló fún ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, dọ́là mẹ́wàá péré ni ìjọba ń gbà. Ọkọ ìyá náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì máa búra síbí, ẹ máa fọwọ́ sí i, ó tán."

Nelda sọ fún mi pé òun ò mọ ohun tó mú òun. Òun tóun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá pé òun ò gba ọ̀fẹ́, nígbà tí Lurleen sọ pé ọkọ ìyá, ó kàn wù ú kó gbà. Kì í ṣe nítorí owó. Ó yíjú sí Weldon, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, Mista Weldon. Ẹ borí. Ẹ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

Lurleen ti mú bírò. "Ẹ̀yin lọkọ ìyá rẹ̀, àbí, Mista Sikes?"

Weldon gbé ọwọ́ kúrò lórí káńtà. Ó wá ní, "Rárá."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe. Ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ ń gbé, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní tọkọtaya, tọkọtaya ni wọ́n lójú òfin."

"A ò pe ara wa bẹ́ẹ̀."

"Mista Sikes, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé—"

"Gbogbo ìlú kọ́ lẹ ní kó búra," Weldon wí. "Èmi ni. Mi ò fẹ́ Yolanda. Kì í ṣe ìyàwó mi. Mi ò ní búra pé ìyàwó mi ni."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le, ọ́fíìsì náà sì kéré. Àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́. Nelda ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbá òun létí ní gbangba. Ó kó ìwé ọkọ̀ kúrò lórí káńtà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà, a máa padà wá," ó sì jáde. Weldon ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n padà dé ẹnu géètì Weldon. Níbẹ̀ ni Nelda ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni," ó wí. "Ẹ ò lè sọ ọ́."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Kí ló fà á?"

Weldon ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé lọ.

Ẹsẹ̀ ni Nelda fi kọjá títì wá bá mi. Mo ń kó aṣọ kúrò lórí okùn, mo rí ojú rẹ̀, mo jù wọ́n sínú agbọ̀n láìká. Mo gbé kọfí fún un. Kò mu ún. Ó ń sọ̀rọ̀ bí omi tó ya.

"Gbogbo ọdún tó fi bá wa gbé, Miss Verna! Nígbà tí màmá ń ṣàìsàn, òun ló ń fọ irun rẹ̀ fún un. Mo fojú mi rí i. Ó wá dúró síwájú Lurleen Batts, ó ní òun ò fẹ́ ẹ. Ó sẹ́ ẹ bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí. Kí lèmi wá jẹ́? Ọmọ ayálégbé? Kó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Màá lọ wá òmíràn."

Mo ní, "Nelda, jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Má jókòó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Mísíìsì Sikes?"

Kò sí bí kò ṣe ní rántí. Nígbà kan, pásítọ̀ ń kí àwọn tó se oúnjẹ fún àwọn ará ìjọ, ó ní, "Ẹ sì bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísíìsì Sikes." Yolanda dìde láàárín gbogbo wa, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Cantú ni, pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́." Ó wá jókòó. Àwa rò pé ìgbéraga ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní Weldon ò tó ọkọ lójú rẹ̀.

"Ìyá rẹ náà sẹ́ ẹ," mo wí. "Ní gbangba. Mi ò mọ ohun tó fà á. Lọ bi Weldon."

Ó ní òun ò ní lọ. Mo ní tí kò bá lọ, èmi máa lọ. La bá jọ lọ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà yẹn. Weldon wà nídìí tábìlì, ó bu ẹ̀wà síwájú, kò jẹ ẹ́. Kò yà á lẹ́nu pé a wọlé. Ó ti àga jáde fún wa. Nelda dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

Weldon ní, "Ìyá rẹ ní kí n má sọ ọ́ fún ọ."

"Ìyá mi ò sí mọ́."

"Mo mọ̀." Ó fọwọ́ yí àwo ẹ̀wà rẹ̀ po. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sì sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ó ní òun ti bẹ Yolanda pé kó fẹ́ òun, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, òun wà lókè ẹ̀rọ omi, Yolanda wà nísàlẹ̀, ó di okùn mú fún òun. Òun pariwo rẹ̀ látòkè. Yolanda pariwo padà pé, "Sọ̀ kalẹ̀ kó o tó já bọ́!" Nígbà tóun sọ̀ kalẹ̀, ó ṣàlàyé fún òun. Látìgbà tí bàbá Nelda ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ni ìjọba ti ń san owó opó fún un lóṣooṣù. Bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, owó náà dúró nìyẹn. Owó náà ló fi ń tọ́ Nelda.

"Mo ní mo lè bọ́ yín. Ó ní, 'O lè bọ́ wa lọ́dún tí òjò bá rọ̀.'" Weldon mi orí. "Kò parọ́. Lọ́dún tí ọ̀dá bá dá, àwọn olóko kì í rówó san fún mi, ó máa ń di gbèsè. Nígbà náà ni dókítà sì sọ iye tí wáyà tí wọ́n fẹ́ fi to eyín rẹ máa jẹ́."

Nelda fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ láìmọ̀.

"Mo wá ní ó dáa, ká máa pe ara wa ní tọkọtaya láìsọ fún ìjọba, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó bínú sí mi gan-an. Ó ní òun kì í ṣe olè. Ó ní tí òun bá ń sọ fún ìjọba pé òun ò lọ́kọ, a jẹ́ pé òun ò lọ́kọ nìyẹn. Òun ò ní jẹ́ opó lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kóun wá jẹ́ Mísíìsì Sikes lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi ń dìde tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ ká kọ orúkọ wa pọ̀ sórí nǹkan kan. Káàdì Kérésì pàápàá, ó ń kọ tirẹ̀, mò ń kọ tèmi."

Òótọ́ ni. Èmi náà máa ń gba káàdì méjì láti ilé kan ṣoṣo, mo rò pé àṣà àwọn èèyàn rẹ̀ ni.

"Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń san owó náà," Weldon ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnì kan ló lọ sọ nǹkan fún wọn, mi ò mọ ẹni náà. Ó jókòó síbi tí Verna jókòó sí yìí. Ó ní kí n búra bóyá ìyàwó mi ni Yolanda. Mo búra pé kì í ṣe ìyàwó mi. Yolanda náà búra. Òótọ́ la sọ, nítorí ìyá rẹ ti rí i dájú pé òótọ́ ni. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

Ó gbójú sókè síbi tí Nelda dúró sí.

"Tí mo bá wá búra lónìí pé ìyàwó mi ni, ọ̀kan nínú ìbúra méjèèjì ti di irọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ ni irọ́ náà máa lẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní ó fi gbogbo ọdún yẹn jí owó ìjọba. Kò sì sí níbí tó lè dìde, kó ní, 'Cantú ni, ẹ jọ̀ọ́.' Èmi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́ fún un."

Afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nelda wá fa àga, ó jókòó.

"Kí ló dé tí kò fẹ́ kí n mọ̀?"

"Ó ní kó o má baà rò pé ìwọ lo dí wa lọ́wọ́."

Nelda bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín wá dà pọ̀ mọ́ ọn. "Eyín mi! Ẹ ò lè gbéyàwó nítorí eyín mi!"

"Eyín náà dáa," Weldon wí. "Wọ́n ṣe é dáadáa."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì nu ojú mi. Nígbà tó yá, Nelda fa àwo ẹ̀wà náà sọ́dọ̀, ó mú ṣíbí, ó ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ. Ó ṣì ń jẹun nígbà tó bi Weldon pé, "Kí wá ni mo jẹ́ sí yín, Mista Weldon? Tẹ́nì kan bá bi yín, tí kì í ṣe pé ó ní kẹ́ ẹ búra?"

Weldon rò ó. "Kọ̀ǹpútà Lurleen ò ní àyè tó máa gbà á," ó wí. Ojú tì í, ó dìde lọ bu ẹ̀wà mìíràn. Ó bù ú dà sórí ẹ̀rọ ìdáná, nítorí kò rí ibi tí àwo wà dáadáa. Nelda dìde, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n padà sí ọ́fíìsì owó orí. Mo bá wọn lọ, mo ní mo fẹ́ ra sítáǹbù, irọ́ ni mo pa. Wàhálà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ nídìí káńtà, nítorí Weldon ní kí Nelda yọ ẹ̀kúnwó owó orí náà kúrò nínú owó ọkọ̀. Nelda ní òun ò yọ nǹkan kan.

"Gbé ọ̀ọ́dúnrún kúrò níbẹ̀," Weldon wí.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin la sọ."

"A ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìjọba máa ya wèrè."

"Ẹ̀yin méjèèjì," Lurleen wí, "àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín o."

Wọ́n gbà níkẹyìn pé Nelda á san owó orí náà pé, á kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọkọ̀ fún Weldon lọ́jọ́ náà, èyí tó kù á di ìgbà tó bá gba owó oṣù àkọ́kọ́. Lurleen ò tíì tẹ kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ sí i, ó ní, "Nelda, ó dá ọ lójú? Nítorí ohun tí mo sọ lánàá, ó ṣì wà níbẹ̀. Mista Sikes lè ti ronú sí i."

Nelda gbé orí sókè. Mo ti rí ìdúró yẹn rí, lára obìnrin tó mú ṣíbí lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Rárá, mà," ó wí, ó sì jẹ́ kí gbogbo ìlà gbọ́ ọ. "Mista Weldon kì í ṣe ọkọ ìyá mi. Ìyá mi kò fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn bàbá mi. Mo ra ọkọ̀ yìí, mo sì fẹ́ san owó orí rẹ̀."

Ọkùnrin kan tó dé fìlà olóko lẹ́yìn wa ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo ojú ọmọbìnrin yìí dáadáa. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn yẹn rí láyé mi." Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Lurleen náà rẹ́rìn-ín. Weldon nìkan ni kò rín. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó dì í mú síwájú àyà, bí ẹni tó wà níwájú àgbà. Nelda kó owó sórí káńtà, Lurleen gbà á, ó fún un ní nọ́ńbà tuntun àti ìwé tó máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Lẹ́yìn náà, ebi ń pa wá, a lọ jókòó sí ilé oúnjẹ tó wà nítòsí kóòtù. Nelda ló pe oúnjẹ fún gbogbo wa: ẹran tí wọ́n fi ata pupa sè, ẹ̀wà, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní tọ́tílà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ti tú síta, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ṣí ẹnu kànga fún Weldon. Nelda bi í nípa ìyá rẹ̀, ó dáhùn. Ó tún bi í, ó tún dáhùn. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú.

"Nígbà wo lẹ mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?" Nelda bi í.

"Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dé. Omi dì nínú páìpù ilé ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀. Ó wá gbá ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtùkùtù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yí ara, ó ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, gbogbo màlúù tó wà lágbègbè yìí lò ń fún lómi. Ayálégbé rẹ kò rí omi fi bọ́jú. Ṣé kí n hu ìwo ni?'"

Nelda kígbe. "Màmá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, 'Ẹ má bínú, mà.' Mo mú irinṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Mo tún páìpù náà ṣe, ó sì mú mi jókòó, ó fún mi ní kọfí. Kọfí náà burú."

"Kọfí rẹ̀ burú lóòótọ́," Nelda wí.

"Burúkú," ni Weldon wí. "Mo mu ún títí ó fi kú."

A jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní ọjọ́ Ajé, Nelda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá. Ajá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un tóbi tó ọmọ màlúù, ẹ̀rù omi sì ń bà á. Odidi òwúrọ̀ ló fi wẹ̀ fún un.